Nọ́ńbà ni kí ẹ dì mú: àgbéyẹ̀wò TaxonKit àti EDirect fún wíwá ìsọ̀rí ẹ̀dá

Ìlà 218 ni ó wà nínú fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ onímásítà kan gbé wá bá mi ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ra ògì lọ́wọ́ àwọn ìyá ológì ní ọjà Àràdà, ó ti ra wàrà ní Sábó, ó ti gba irú lọ́wọ́ àwọn tí ń sè é nílé, ó ti yọ DNA àwọn bakitéríà inú wọn, ó sì ti fi ìtò DNA tí ó rí wé àwọn tí ó wà nínú àkójọ àgbáyé. Ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí ni ìlà 218, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nọ́ńbà accession kan ṣoṣo, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìtò DNA nínú àkójọ náà, láìsí orúkọ, láìsí ìdílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ láìṣí ojú ewé wọn níkọ̀ọ̀kan?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò kí n tó rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì kọ ọ́ síbí fún ẹnikẹ́ni tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irinṣẹ́ méjì ni mo ń gbé yẹ̀ wò, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Èkíní ni EDirect, àkójọ àwọn àṣẹ tí a ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti fi béèrè ọ̀rọ̀ tààrà lọ́wọ́ NCBI, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 ní Bethesda, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí ó ń tọ́jú GenBank, àkójọ ìtò DNA tí gbogbo ayé ń lò. Èkejì ni TaxonKit, èyí tí Wei Shen àti Hong Ren gbé ìwé jáde lé lórí ní ọdún 2021, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti gba nọ́ńbà ẹ̀dá kan kí ó sì to gbogbo ìran rẹ̀ sílẹ̀, láti orí gbòǹgbò dé orí ẹ̀yà fúnra rẹ̀. Èmi kò rí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá iṣẹ́ náà ṣe parí bí ó ti yẹ. Àwọn méjèèjì ni mo so pọ̀, ìsopọ̀ yẹn ni mo sì ń yìn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ya nọ́ńbà méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń pò pọ̀. Nọ́ńbà accession ni a ń fún ìtò DNA tàbí purotéènì kan nígbà tí ẹnìkan bá fi í sílẹ̀ sínú GenBank, tàbí sínú àwọn àkójọ bí irú rẹ̀, ENA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí DDBJ ní Japan, nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín ohun tí wọ́n bá gbà fún ara wọn. Bí àpẹẹrẹ, NC_045512.2 ni ìtò odindi fáírọ́ọ̀sì kòrónà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, lẹ́tà 29,903 ni ó sì ní, NC_012920.1 ni ti DNA inú maitokọ́ńdíríà ènìyàn, lẹ́tà 16,569. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé àmì ìdánudúró yẹn ń sọ ẹ̀dà ìkelòó ìtò náà ni èyí: 1 ni ti àkọ́kọ́, ó sì ń lé ọ̀kan nígbàkúùgbà tí a bá tún ìtò náà ṣe. Taxid yàtọ̀. Kì í ṣe ìtò DNA ni a fún un bí kò ṣe ẹ̀dá fúnra rẹ̀: 9606 ni ènìyàn, 3983 ni ẹ̀gẹ́, 4577 ni àgbàdo, 3917 ni ẹ̀wà, 5833 ni kòkòrò ibà tí ó burú jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà accession lè wà lábẹ́ taxid kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ọmọ púpọ̀ ṣe ń jáde láti inú agbo ilé kan. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé wá, ìpele méjì ni nígbà náà: láti inú accession dé taxid, àti láti inú taxid dé ìran.

Ìpele kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni TaxonKit ti wú mi lórí jù. Irinṣẹ́ náà jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n fi èdè Go kọ, kò béèrè pé kí ẹ fi Python tàbí R sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS bákan náà. Ẹ óò gba àpò kan tí ń jẹ́ taxdump.tar.gz lọ́dọ̀ NCBI, ẹ óò tú u, ẹ óò sì kó fáìlì mẹ́rin inú rẹ̀, names.dmp, nodes.dmp, merged.dmp àti delnodes.dmp, sínú fódà tí a pè ní .taxonkit. Àpò náà kò wúwo. Dátà tí ènìyàn fi ń wo fídíò díẹ̀ lórí fóònù tó láti gbà á wálẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, TaxonKit kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní ìlú wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nígbà tí iná lọ ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí èèlò tí ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì sì kú, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ń bá iṣẹ́ lọ lórí bátìrì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo kọ àṣẹ kan báyìí:

echo 1590 | taxonkit lineage

Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, ìdáhùn ti dé: cellular organisms;Bacteria;Bacillati;Bacillota;Bacilli;Lactobacillales;Lactobacillaceae;Lactiplantibacillus;Lactiplantibacillus plantarum. Ìyẹn ni bakitéríà tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ògì kíkan, òun sì ni mo rí nínú àwọn ògì tí ó rà. Bí ẹ bá ṣí nodes.dmp fúnra yín, ẹ óò rí i pé kò sí idán kankan níbẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan kàn ń sọ pé nọ́ńbà yìí ni ọmọ, nọ́ńbà yẹn ni òbí rẹ̀, ìpele báyìí ni ọmọ náà sì wà. Ìdílé Lactobacillaceae jẹ́ 33958, òbí rẹ̀ ni 186826, òbí ìyẹn ni 91061, òbí ìyẹn náà ni 1239, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa gòkè títí dé 2 tí í ṣe gbogbo bakitéríà, dé 131567 tí í ṣe gbogbo ẹ̀dá tí ó ní sẹ́ẹ̀lì, dé 1 tí í ṣe gbòǹgbò. Fáírọ́ọ̀sì kò sí lábẹ́ 131567 rárá. Orí tiwọn ni 10239. TaxonKit kàn ń tẹ̀lé òbí lẹ́yìn òbí ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é fún ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rí èsì yìí, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Lactobacillus plantarum ni? Ohun tí ó wà nínú gbogbo ìwé tí mo kà nìyẹn." Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ fọ́ Lactobacillus àtijọ́ sí ìsọ̀rí 25, tí 23 nínú wọn jẹ́ tuntun, tí plantarum fi di Lactiplantibacillus, tí fermentum sì di Limosilactobacillus. Ìwé tí a tẹ̀ lórí ògì ṣáájú ọdún náà kò lè mọ orúkọ tuntun, kò sì yẹ kí a bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà: 1590 ni kí wọ́n tó yí orúkọ padà, 1590 ni títí di òní. Orúkọ àtijọ́ sì wà nínú names.dmp lábẹ́ nọ́ńbà kan náà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ mìíràn tí ẹ̀dá náà ń jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá to iṣẹ́ rẹ̀ sórí taxid kò ní kà á pé bakitéríà méjì ni ó wà nínú ògì tí ó sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo ti rí tábìlì kan tí àṣìṣe yìí wà nínú rẹ̀, tí orúkọ méjèèjì dúró sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a sì kà wọ́n sí méjì nínú àròpọ̀ ìsàlẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo rántí nígbà tí mo dé orí irú. Bacillus subtilis, 1423, ni olórí òṣìṣẹ́ tí ń sọ igba di irú, ẹni tí ó sì fẹ́ kó gbogbo Bacillus inú iṣẹ́ rẹ̀ jọ lè rò pé kíkọ orúkọ náà sínú name2taxid, àṣẹ TaxonKit tí ń fi orúkọ wá taxid, ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi dán an wò níwájú mi. Ìdáhùn méjì ni ó jáde fún orúkọ kan. Ọ̀kan jẹ́ 1386, àwọn bakitéríà tí a ń wá. Èkejì jẹ́ kòkòrò elésẹ̀ mẹ́fà tí ó tín-ínrín bí igi, nítorí pé òfin ìsọlórúkọ àwọn ẹranko yàtọ̀ sí ti àwọn bakitéríà, àwọn méjèèjì sì lè lo orúkọ kan náà láìṣẹ̀ sí òfin. Mo yin TaxonKit pé ó fi méjèèjì hàn, tí kò fi ìkankan pamọ́ kí ó wá yan ọ̀kan fúnni. Irinṣẹ́ tí ó bá dákẹ́ yan fúnni níbi tí ó yẹ kí ó béèrè ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni bí ó ṣe ń kìlọ̀. Nígbà mìíràn, NCBI a máa da taxid méjì pọ̀ di ọ̀kan, a sì máa pa òmíràn rẹ́. Bí nọ́ńbà yín bá wà lára àwọn tí a dà pọ̀, TaxonKit yóò sọ fún yín pé a ti da nọ́ńbà báyìí pọ̀ mọ́ báyìí, yóò sì fún yín ní ìran tuntun. Bí a bá ti pa á rẹ́, yóò sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fojú fo àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí nítorí pé èsì ṣì ń jáde.

Nísinsìnyí, ìpele kìíní. TaxonKit kò mọ accession rárá, àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù sì nìyí fún ẹni tí ó jẹ́ accession nìkan ni ó ní. Ibẹ̀ ni EDirect ti wúlò. Fún ìlà 218, mo fi gbogbo nọ́ńbà náà sínú fáìlì kan, mo fi epost rán an lọ, mo fi esummary gba àkọsílẹ̀ kúkúrú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi xtract yọ ohun méjì péré jáde, AccessionVersion àti TaxId. Iṣẹ́ náà parí kí tíì mi tó tutù. Mo ń tẹnu mọ́ AccessionVersion nítorí pé ìdáhùn kò fi dandan tẹ̀lé bí a ṣe to ìbéèrè, ìlà tí ó bá sì wà lẹ́ẹ̀mejì nínú fáìlì yín lè padà wá lẹ́ẹ̀kan. Bí accession kò bá bá taxid rẹ̀ jáde lórí ìlà kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ni èyí. Àwọn kan máa ń lo elink fún iṣẹ́ yìí, wọ́n a sì kó gbogbo nọ́ńbà wọn rán lọ pa pọ̀. Ohun tí elink ń dá padà nígbà náà jẹ́ àkójọ taxid lásán, tí ìsopọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú accession rẹ̀ ti já. Ẹ fi elink sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

Òfin wà lórí lílo ọ̀nà yìí. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni NCBI ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àyàfi bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ API lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò sọ ọ́ di mẹ́wàá. Wọ́n tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ dúró di òpin ọ̀sẹ̀, tàbí kí ó ṣe é láàárín agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí agogo márùn-ún ìdájí ní aago ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ní àsìkò ọyẹ́, ìyẹn jẹ́ agogo mẹ́ta òru sí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n bá ti sún aago tiwọn síwájú, ó di agogo méjì sí mẹ́wàá. Èyí bá wa lára mu gan-an. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń yá jù ní àdúgbò Under-G, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jí, inú àkókò tí NCBI fẹ́ ni ó sì bọ́ sí.

Bí ohun tí ẹ ní bá ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá lọ, ẹ má fi EDirect fìyà jẹ ara yín. NCBI ní àwọn fáìlì tí ń jẹ́ accession2taxid, òpó mẹ́rin ni ó wà nínú wọn: accession, accession pẹ̀lú nọ́ńbà àtúnṣe rẹ̀, taxid àti gi, tí í ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ àtijọ́ kan. Ti GenBank nìkan, nucl_gb, ju gígábáìtì méjì lọ bí a tilẹ̀ ti fún un pọ̀. Èmi gbà á wálẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, mo sì sùn. Iná lọ láàárín òru. Nígbà tí mo jí, mo rí fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, mo rò pé ó ti pé, mo sì lò ó fún odindi ọjọ́ méjì, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ accession ń jáde bí èyí tí kò sí. Ọkàn mi bàjẹ́ púpọ̀, mo ti ń rò pé nọ́ńbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kó wá ni kò dára. Fáìlì náà ni kò tó ìdajì. Kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .md5 máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì ńlá kọ̀ọ̀kan, òun ni a fi ń mọ̀ bóyá ohun tí ó dé bá ohun tí ó kúrò níbẹ̀ dọ́gba. N kò yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ náà. Ní báyìí, wget -c ni mo fi ń gbà á, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dá dúró sí, n kì í sì í fọwọ́ kan fáìlì náà kí n tó yẹ md5 wò.

Mo ti dán ọ̀nà olówó kan wò pẹ̀lú, ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí n kò ní dárúkọ, tí ó ní òun yóò to ìsọ̀rí fúnni bí a bá ti lẹ accession mọ́ ojú ewé òun. Orúkọ nìkan ni ó dá padà, láìsí taxid, ó ti gé nọ́ńbà àtúnṣe kúrò lára gbogbo accession, orúkọ àwọn bakitéríà inú ògì sì jẹ́ ti ṣáájú ọdún 2020. N kò lè so èsì yẹn pọ̀ mọ́ ohunkóhun. Owó náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan lọ sí i.

Ó ku àwọn ohun tí irinṣẹ́ méjèèjì kò lè ṣe fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Taxid tí ó wà lára accession kan ń sọ ohun tí ẹni tí ó fi í sílẹ̀ pè é, lẹ́yìn àyẹ̀wò tí NCBI bá ṣe. Kò fi hàn dájúdájú pé ohun tí ẹ̀dá náà jẹ́ gan-an nìyẹn. Nínú ìlà 218 wa, mẹ́rìndínlógún ni ó jáde gẹ́gẹ́ bí 77133, tí í ṣe bakitéríà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn nínú láàbù, kò sì sí àṣẹ kankan nínú TaxonKit tí ó lè sọ ìyẹn di ìmọ̀. Purotéènì tí accession rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WP_ lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìsọ̀rí tí ẹ bá rí fún un lè dá dúró lókè, kí ó má dé orí ẹ̀yà. NCBI fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi ìsọ̀rí àwọn kì í ṣe àṣẹ ìkẹyìn lórí orúkọ ẹ̀dá, pé kí a wo ìwé àwọn onímọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn.

Ìpele òkè náà kì í dúró sójú kan. Firmicutes ti di Bacillota, Proteobacteria ti di Pseudomonadota. NCBI sì ti fi ipele tí wọ́n ń pè ní domain rọ́pò superkingdom fún àwọn bakitéríà. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ àtijọ́ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ superkingdom yóò rí àyè òfìfo. Ẹ gba ẹ̀dà TaxonKit tuntun, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gba taxdump sínú iṣẹ́ yín, nítorí pé NCBI ń tọ́jú ẹ̀dà oṣooṣù rẹ̀ sí ibi ìpamọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò yóò sì lè rí èyí tí ẹ lò.

Fún àwọn tí R ti mọ́ lára, taxonomizr wà, ó ń ṣe ìpele méjèèjì, láti accession dé ìran, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ibi ìkódàtàsí ńlá sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kò sì ní àyè fún un. ETE ni ti àwọn tí ń lo Python, ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ ya igi ìran náà jáde. Èmi dúró ti TaxonKit àti EDirect. Ohun kan péré ni ó ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn, pé kò sí ojú ewé aláwòrán tí a lè fi èkúté kọ̀ǹpútà tẹ̀; ojú dúdú ni, àṣẹ ni a ń kọ. Mo jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ mi fún ọ̀sán kan ṣoṣo, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti ń kọ tirẹ̀.

Tábìlì rẹ̀ ti parí. Òpó mẹ́rin ni ó ní: accession, taxid, ìdílé àti ẹ̀yà, ó sì ti kọ ọjọ́ taxdump sí abẹ́ rẹ̀. Taxdump náà àti nucl_gb tí mo ti yẹ md5 rẹ̀ wò wà lórí díráìfù àfikún kan nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì mìíràn ti wá dà á kọ láti oṣù tó kọjá, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lórí kajú, èkejì lórí ẹ̀gẹ́.